Ìkòkò irin tí mo rà ní Àkúrẹ́: ó dára, àmọ́ mi ò ro ògì nínú ẹ̀ mọ́

Kò sí òde tí mo lọ sè tí obìnrin kan kì í rìn wá sídìí iná, tí á fi ẹsẹ̀ kan ìkòkò mi pẹ̀lẹ́, tí á ní, "Ìyá olóúnjẹ, níbo lẹ ti ra eléyìí?" Ó ti sú mi láti máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan èyí tí ẹni tó ṣe é ò ní fẹ́ kí n sọ.

Ìkòkò irin ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe irin gidi: àlùmíníọ̀mù ni wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú yanrìn. Ṣùgbọ́n ó wúwo bí irin, irin náà la sì ń pè é láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Òun kọ́ ni ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ti iléeṣẹ́ wá nínú páálí, èyí tó jẹ́ pé bí ọmọrí bá bọ́ lù ú báyìí, ó ti tẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìdí tèmi, àmọ́ nọ́ńbà alágbẹ̀dẹ kan kì í bá ti èkejì mu, kóńgò làwa alásè fi ń wọn ìkòkò. Tèmi gba ìrẹsì kóńgò mẹ́jọ, ààyè sì tún kù tí omorogùn á fi yí. ₦85,000 ni mo san, tòun tọmọrí. Bàbá tó dà á kọ́kọ́ pe ₦110,000. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní kí wọ́n fún mi lómi mu. A sọ̀rọ̀ dé orí owó epo, a dé orí ọmọ, a dé orí ẹ̀yìn tó ń dun Bàbá, kí wọ́n tó ní kí n mú ohun tó wà lọ́wọ́ mi wá.

Ìdí tí mo fi lọ bá ẹni tó ń dà á fúnra ẹ̀ ni pé èyí tí mo rà ṣáájú já mi kulẹ̀. Ọjà ni mo ti ra ìyẹn, mi ò ní sọ ọjà wo. Ó ń dán bíi dígí. Níbi òkú àgbà kan ní Òkè-Àró, ọbẹ̀ ata wà lórí iná, mo ń gbọ́ "ṣìì, ṣìì" lábẹ́ ẹ̀. Mo ní igi tútù ni wọ́n rà fún wa. Mo bú ẹni tó ra igi, mo bú u dáadáa. Ọbẹ̀ ń fà, mo rò pé ó ń gbẹ ni. Ìgbà tá a sọ ọ́ kalẹ̀ la tó rí ihò méjì ní ìdí ẹ̀, wọn ò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, epo sì ti ṣe ìlà pupa sára ààrò. Ẹni tó tà á fún mi ti fi bọ́dì fílà, èyí táwọn panẹbítà fi ń dí ara ọkọ̀, dí ihò náà, ó fi sáńpépà gbo ó títí ó fi jọ̀lọ̀. Iná ló jẹ ẹ́ kúrò. Ibo ni bọ́dì fílà ọ̀hún wá gbà lọ? Inú ọbẹ̀ ni, àwọn àlejò sì ti jẹ ẹ́. Mo lọ bẹ ẹni tó ra igi.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò kì í fojú lásán ra ìkòkò. Mo máa ń gbé e sókè kí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀, mo sì máa ń ki orí bọ inú ẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbì kan bí ìràwọ̀, mo ti lọ nìyẹn. Bí kò bá yọ, mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kàn án létí: èyí tó dáa á dún bí agogo, á sì fà díẹ̀, èyí tó ti sán á kàn dún "pọ̀". Lẹ́yìn náà, omi. Mo máa ń ní kí wọ́n bu omi kún un, kí wọ́n gbé e lé páálí gbígbẹ, kí n fi lọ ra ata. Bí mo bá fi máa dé tí páálí ti rin, ẹ bá mi kí ẹni tó ni ín. Àwọn ọlọ́jà kan máa ń bínú sí omi yìí. Ìbínú wọn náà jẹ́ ìdáhùn.

Tèmi yìí gba gbogbo ẹ̀ kọjá. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tó ti ń bá mi jáde ní Sátidé Sátidé, mi ò sì tíì rí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lórí iná igi. Ìdí ẹ̀ nípọn tó bí ìka ọwọ́ kékeré, ooru kì í dúró sójú kan jó oúnjẹ, ńṣe ló ń tàn káàkiri. Bí ìrẹsì bá ti fẹ́ jinná, mo máa ń fa igi jáde pátá, mo á bo ọmọrí mọ́ ọn, ìkòkò nìkan á sì máa sè é fún bí ìṣẹ́jú ogún sí i. Igi tí mo ń rà ti dín kù. Òórùn èéfín tí àwọn èèyàn ń fẹ́ nínú ìrẹsì òde, òun náà wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ á gan díẹ̀ láìkorò. Bí ẹ bá fi ọṣẹ tútù pa ẹ̀yìn ẹ̀ kí ẹ tó gbé e kaná, dúdú ẹ̀yìn ìkòkò á bọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́. Àbùkù ẹ̀ kan tó hàn sójú ni etí ẹ̀: ó kéré, ó sì gbóná, ẹni méjì tó nípọn ló ń gbé e, aṣọ tó nípọn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi dì í mú. Mo fún un ní 9 nínú 10 lórí iná igi.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ orí ọmọrí já, mo gbé e padà fún Bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì bá mi lọ. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ló wà, ẹ̀kọ́ nípa irin ló ń kọ́, ó wà ní ọdún kẹrin. Ojú tí ọmọ yẹn fi wo ibẹ̀ ló là mí lójú.

Ibi tí wọ́n ti ń dà ìkòkò yìí wà lọ́nà tó jáde sí Ìdànrè. Kò ní ògiri. Páànù lórí òpó ni, ilẹ̀ dúdú, yanrìn dúdú, àwọn géńdé wọ sílípáàsì. Wọ́n á mú ìkòkò tó ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ki yanrìn tó rin díẹ̀ sínú ẹ̀ àti sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó le, wọ́n á wá rọra yọ ìkòkò náà kúrò láàárín. Àlàfo tó bá kù láàárín yanrìn inú àti yanrìn òde, òun ni ìkòkò tuntun. Ẹ wo ọgbọ́n o! Mo ti ń lo ìkòkò láti kékeré, mi ò mọ̀ pé òfìfo ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ.

Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ nínú ni ààrò wọn. Níbi tí ẹwìrì ìbá wà láyé àwọn baba wa, fáànù kékeré kan tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé ló wà níbẹ̀. Èédú sì ti wọ́n ju ohun tí wọ́n lè máa rà lójoojúmọ́ lọ, nítorí náà ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì fà dànù láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń kán tó, tó, tó sínú iná. Èéfín ẹ̀! Ó dúdú, ó nípọn, kì í gòkè, ńṣe ló ń wọ́ lọ bí ẹni tó ń wá ilé tó máa wọ̀. Obìnrin kan tó ń dirun lódìkejì títì kàn ń kó táwẹ́ẹ̀lì ẹ̀ wọlé ni, kò tiẹ̀ gbójú sókè mọ́. Mo bi Bàbá pé ṣé kò sí nǹkan míì tí wọ́n lè dá. Wọ́n ní, "Ìyá olóúnjẹ, bí mi ò bá gba ọ́ìlì yìí, ibo lẹ rò pé àwọn mẹkáníìkì á dà á sí?" Mo mọ ibi tí wọ́n á dà á sí. Gọ́tà ni, gọ́tà Àkúrẹ́ sì ń ṣàn lọ bá odò Àlà. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ọmọ náà ní nǹkan tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe lábẹ́ páànù ni pé àlùmíníọ̀mù ń yọ́ ní ìwọ̀n 660 lórí Celsius. Irin gidi, ó di ìgbà tó bá lé ní 1,500. Ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà ki síbí irin gígùn bọ inú iná, ó fi ré ojú ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ré ìfófòó orí ẹran. Abẹ́ ìfófòó yẹn funfun, ó ń dán, ó ń mì bí omi wàrà. Ìdàrọ́ tó ré yẹn ló gbé jù sẹ́yìn ilé, lórí òkìtì kan tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ yẹn. Nígbà tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, òórùn ìtọ̀ gbá mi nímú, mo ní kí ló dé tí wọ́n ń tọ̀ síbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹnikẹ́ni ò tọ̀ síbẹ̀. Ìdàrọ́ yẹn ni. Bí omi bá kàn án, amóníà ló máa ń tú jáde, òun náà ló wà nínú òórùn ìtọ̀." Ó ní láwọn ìlú kan, òfin wà lórí ibi tí wọ́n lè da ìdàrọ́ sí. Tiwa wà lẹ́yìn ilé, gọ́tà ò sì jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá.

Mo ti ń múra láti bínú. Ọmọ yìí ló dá mi dúró. Ó ní tí a bá ń bú Bàbá, ká kọ́kọ́ mọ bí àwọn ńlá ṣe ń ṣe tiwọn. Àlùmíníọ̀mù tuntun, inú òkúta pupa kan tó ń jẹ́ bọ́ksáìtì ló ti ń jáde. Orílẹ̀-èdè Guinea, níbí lápá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ń wà á, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó o lọ sí Ṣáínà. Bíi tọ́ọ̀nù 4 òkúta yẹn ló ń di tọ́ọ̀nù 2 ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ àlùmínà, tọ́ọ̀nù 2 yẹn ló sì ń di tọ́ọ̀nù 1 àlùmíníọ̀mù. Sódà tó ń bó ara ni wọ́n fi ń fọ òkúta náà, ohun tó sì ń ṣẹ́ kù ni ẹrẹ̀ pupa tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, wọ́n kàn ń sé e mọ́ inú adágún ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2010, ògiri irú adágún bẹ́ẹ̀ wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Ajka ní Hungary. Ẹrẹ̀ náà wọ ilé onílé, ó ń bó àwọn èèyàn lára bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, èèyàn 10 ló sì kú. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù. Ìlà pupa yí ara ògiri àwọn ilé ká, ó ga tó èèyàn.

Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ya àlùmíníọ̀mù kúrò lára ìyẹ̀fun yẹn. Àwọn méjì ló rí ọgbọ́n ẹ̀ lọ́dún kan náà, 1886: Hall ní Amẹ́ríkà, Héroult ní Faransé, ọ̀kan ò mọ èkejì. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, 1863, ọdún kan náà ni wọ́n sì kú, 1914. Mo ní ìbejì ni wọ́n, ìyá wọn ló yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe rí i nígbà yẹn náà ni ayé ṣì ń ṣe é títí dòní, ó sì ń jẹ iná bí ẹni tí kò jẹun rí: tọ́ọ̀nù kan ń gbé nǹkan bíi yúníìtì 14,000 mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra iná sórí mítà, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. Ilé mi kì í jẹ ju yúníìtì 150 lọ lóṣù, nígbà tí iná bá dáa. Ìkòkò mi wọn kílò 9. Orí òṣùwọ̀n alálùbọ́sà ni mo gbé e lé. Ká ní inú òkúta ni wọ́n ti yọ ọ́ wá, yúníìtì 126 ni ì bá jẹ. Oṣù kan ilé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sórí ìkòkò kan, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní èyí tí wọ́n bá tún yọ́ látinú àlòkù, bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára yẹn péré ló ń ná. Bàbá tó ń fín wa pa lọ́nà Ìdànrè ń ṣe ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń fi ṣe fáàrí nínú ìpolówó wọn. Mo wo Bàbá, wọ́n ń wúkọ́.

Ìwúkọ́ yẹn ni mi ò rí nínú ìpolówó kankan.

Òkìtì àlòkù tó wà níwájú ilé ni a wá yà sí. Mo fẹ́ràn òkìtì yẹn, mi ò ní purọ́. Ríìmù ọkọ̀ wà níbẹ̀, fírémù fèrèsé, abẹ̀bẹ̀ fáànù, agolo málítì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, páànù òrùlé, èèpo ẹ́ńjìnnì alùpùpù, kábúrétọ̀, ìkòkò àtijọ́ kan tí ìdí ẹ̀ ti lu. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke kiri, tí wọ́n ń ké "kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù!" ní àárọ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fa ríìmù kan jáde, ó tọ́ka sí nǹkan kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀, ó rí bí eyín ọmọdé, àwọ̀ eérú. Ó fi skùdíráfà yọ ọ́, ó fi í sọ́wọ́ mi. Ó wúwo ju bó ṣe kéré tó lọ.

"Ẹ fi èékánná ha á, Àǹtí."

Mo ha á, ó wọ̀. Ó gbà á, ó fi fa ìlà lórí ìwé rìsíìtì, ó sì kọ bíi pẹ́ńsù. "Òjé ni. Àwọn fọkanáísà ló ń kàn án mọ́ ríìmù kí táyà má bàa máa gbọ̀n. Bí wọn ò bá yọ ọ́ kí wọ́n tó ju ríìmù sínú iná, inú ìkòkò yín ló ń lọ."

Ọ̀rọ̀ òjé kì í ṣe àjèjì sí wa ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2010, ní Zamfara, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta láti yọ góòlù, eruku òjé pa ọmọdé tó lé ní 400. Mo rántí pé rédíò sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ó kàn mí. Ọmọ náà ní àwọn onímọ̀ ti yẹ irú ìkòkò wa yìí wò ní Cameroon, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n sì bá òjé nínú ẹ̀. Ní 2017 wọ́n tún gbé òmíràn jáde: ohun èlò ìdáná àlùmíníọ̀mù 42 láti orílẹ̀-èdè 10. Omi kíkan bíi ti fínígà ni wọ́n sè nínú wọn fún wákàtí méjì, 15 nínú wọn sì tú òjé tó ṣe é kà sínú ohun tí wọ́n sè. Àjọ ìlera àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kan tí èèyàn lè ní pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bá jà jù. Kò ní àwọ̀ nínú oúnjẹ, kò ní òórùn, kò sì ní ìtọ́wò tí ahọ́n lè mọ̀.

Omi kíkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Ní oṣù tó ṣáájú, mo ro ògì nínú ìkòkò yìí fún ìkómọ kan ní Alágbàka. Ògì funfun ni mo gbé wá, ó sì ti kan dáadáa, ìgbà tí mo fi rò ó tán, ó ti di àwọ̀ omi ìfọṣọ. Mo ní ọlọ́gì ló fi ọlọ ìdọ̀tí lọ̀ ọ́. Mo tún ti bú ẹni tí kò ṣẹ̀ mí nìyẹn. Ọmọ náà ní àwọ̀ eérú yẹn, àlùmíníọ̀mù gan-an ni, kì í ṣe ẹ̀rí pé òjé wà níbẹ̀. Àmọ́ ó jẹ́ ẹ̀rí pé kíkan ògì ń jẹ ara ìkòkò, ohunkóhun tó bá sì wà lára ìkòkò, ó ń bá a bọ̀.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá, wọ́n gbọ́ mi dé ìparí, wọ́n wá ní: "Ìyá tó bí mi, ìkòkò yìí náà ni wọ́n fi ń sebẹ̀. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n kí wọ́n tó kú."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn ju tiwọn lọ. Ṣé ọkọ̀ pọ̀ bí èyí láyé ìyá yín? Ṣé ríìmù ni wọ́n fi dà tiwọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, ìkòkò àtijọ́ àti ife àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ń yọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń lò ó báyìí. Ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni. Iṣu, ẹ̀wà, ẹran bíbọ̀, ẹja dídín, gbogbo ohun tí kò kan, inú ẹ̀ ni. Ata òun tòmátì ni mo kọ́kọ́ ń sè títí omi ẹ̀ á fi gbẹ nínú ìkòkò sítéènílẹ́ẹ̀sì, kí n tó wá dà á sínú epo gbígbóná nínú ìkòkò irin. Ó fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ń kùn. Ìsápá, rárá. Ògì, òdo nínú 10. Ọbẹ̀ kì í sùn mọ́jú nínú ẹ̀ mọ́, bó ti wù kó rẹ̀ wá tó. Mo ti kó kànìnkànìn onírin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, nítorí pé inú ìkòkò tó ti ṣókùnkùn díẹ̀ yẹn, tí àwa obìnrin máa ń fẹ́ fọ̀ kó dán, ààbò ló jẹ́ fún oúnjẹ. Èmi tí mo máa ń fi dídán inú ìkòkò yangàn!

Ẹ má ní kí n ra gbogbo ẹ̀ ní sítéènílẹ́ẹ̀sì. Mo béèrè iye èyí tó gba kóńgò mẹ́jọ, mo sì dá owó mi padà sínú àpò. Lórí iná igi, ó tún máa ń jó oúnjẹ lójú kan. Tánńgaran dára fún ògì, kó má kàn ṣubú ni. Ìṣaasùn amọ̀ ni ìyá mi àgbà fi ń se ìsápá, n kò sì mọ ohun tó lé e kúrò nílé wa, àfi pé a ń kánjú.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá láìpẹ́ yìí pé kí wọ́n da kékeré kan fún mi, oníkóńgò méjì, kí wọ́n fi fírémù fèrèsé nìkan dà á. Mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní fèrèsé nìkan kì í ṣàn dé gbogbo ojú yanrìn, bó bá sì ń tutù, ó máa ń sán. Ríìmù ló ń jẹ́ kó ṣàn. Mo wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n ń tàn mí. Ó ní òótọ́ ni, silikọ́ọ̀nù, èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ àlùmíníọ̀mù, wà nínú ríìmù ju ti fèrèsé lọ, òun ló ń jẹ́ kó ṣàn. Bàbá ò lọ FUTA.

A wá dúnàádúrà lórí àlòkù dípò owó. Fèrèsé àti ríìmù ni, ríìmù tí wọ́n ti yọ òjé etí ẹ̀ àti fáàfù táyà ara ẹ̀ kúrò lójú mi. Kò gbọdọ̀ sí rédíétọ̀, kò gbọdọ̀ sí kábúrétọ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ohunkóhun tó ti bá bátìrì ọkọ̀ gbé. Ìkòkò àtijọ́ náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, torí a ò mọ ohun tí wọ́n fi da òun náà. Bàbá fi ₦4,000 lé owó nítorí wàhálà yíyọ, mo sì san án. Wọ́n fún ọ̀kan nínú àwọn géńdé ní skùdíráfà, ó jókòó sórí táyà, ó ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú agolo mílíìkì. Ríìmù mẹ́fà péré ni, agolo náà sì ti wúwo. Mo bi í pé kí ni wọ́n máa fi òjé náà ṣe.

Ó ní, "Àwọn apẹja máa ń wá rà á, mà. Wọ́n ń so ó mọ́ àwọ̀n."

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n wá gbé ìkòkò náà. Mo máa gbé omi àti páálí mi dání.